Refúhíò Àjàní àti Orin Ọṣẹ Gómìnà

Refúhíò Àjàní, ọmọ a-lu-ìṣó-kórin-jáde. Àjàní tí a jà kí a tó ní. Òrùlé ń jò, Àjàní gùn ún. Òrùlé gbẹ, Àjàní sọ̀ kalẹ̀. Akọrin tí í tọrọ àyè kó tó bú ọ̀gá. Ọmọ Mẹ́síkò tí Ìyá Àgbà Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ fi ẹnu ara wọn sọ lórúkọ. Kúkò lẹ́nu ìyá tó bí i, kọ́ńpáà lẹ́nu mi, Àjàní lẹ́nu gbogbo wa. Sùn un re o, ọ̀rẹ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ, mo rí i bí ẹ ti ń wojú ara yín. Ẹ ń rò ó pé báwo ni ọmọ Mẹ́síkò ṣe di Àjàní, àti pé kí ló kàn mí tí mo fi ń sunkún ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. N kò kàwé púpọ̀, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà nílé, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé orúkọ ènìyàn.

Missouri City tí ẹ ń gbé lónìí yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, tí kálukú ń jókòó sínú mọ́tò fi ẹ̀rọ ṣí gáréèjì, tí yóò wọlé tí kò ní fojú kan aládùúgbò rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, pápá màlúù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà náà. Àwa, inú apartment là ń gbé, lápá ibi tí wọ́n ń pè ní Brays Oaks báyìí ní Houston. Owó epo rọ̀bì ti wó lulẹ̀, àwọn òyìnbó oníṣẹ́ epo ti kó ẹrù wọn lọ, àwọn onílé wá ń bẹ ènìyàn kó jọ̀ọ́ kó wá gbé. Ilé tí wọn ì bá má ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wa, wọ́n ń sáré jáde wá kí wa káàbọ̀. Báyìí ni Yorùbá, Mẹ́síkò àti aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí ṣe di ará ilé kan.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, akọ́díọ́nù ni yóò kọ́kọ́ jí ọ láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan á máa fi èdè Sípáníìṣì bú ọmọ rẹ̀ lápá ọ̀tún, Ìyá Bọ̀dé á máa fi Yorùbá bú tiwọn lápá òsì, ohùn méjèèjì á sì jọra débi pé àwọn ọmọ méjèèjì á jọ sá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà láàárín ọgbà, omi rẹ̀ ti dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ nínú rẹ̀ àfi ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni gbogbo wa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, tí a ó máa bu oúnjẹ ara wa tọ́ wò. Lónìí, ẹ ní adágún tó mọ́ lóló lẹ́yìnkùlé, ẹ ò sì ní ẹni tí ẹ ó bá jókòó tì í.

Iṣẹ́ òrùlé ni èmi àti Refúhíò jọ ń ṣe. Ìjì ńlá kan ti jà ní Houston ṣáájú ìgbà náà, ó ká òrùlé ilé bí ẹni ká ẹní, iṣẹ́ wá pọ̀ fún ẹni tí kò bẹ̀rù àkàbà. Refúhíò ló kọ́ mi bí a ti ń tẹ́ awẹ́ òrùlé ọlọ́dà léra, bí a ti ń fi ẹnu há ìṣó, bí a ti ń kan án lẹ́ẹ̀mejì kó wọlé. Ó máa ń fi òòlù lu ìṣó bí ẹni ń lu agogo, orin á sì jáde. Nínú oòrùn Júláì, tí ọ̀dà bá ń yọ́ mọ́ wa ní bàtà, ọ̀gá wa òyìnbó á dúró nísàlẹ̀ lábẹ́ igi, á ní ṣé ẹ rí i pé kì í rẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kò mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń kọrin bú lókè.

Ọjọ́ kan, Refúhíò gbé ata kékeré kan fún mi, ó ní ata ìlú àwọn ni, ó ti pa ọkùnrin lẹ́kún rí. Mo rún un wómúwómú, mo tún béèrè òmíràn. Inú bí i. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ata rodo tiwa lé e lọ́wọ́. Kò kọrin títí di ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà la ti di kọ́ńpáà, ìyẹn ọ̀rẹ́ tó di ẹbí lédè wọn.

Orin tí ó ń kọ, kọ̀rídò ni wọ́n ń pè é. Orin ìtàn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn àlọ́. Akọrin á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwùjọ, bí àwa ti ń júbà. Á sọ ìlú, á sọ ọjọ́, á dárúkọ ẹni, á wá tú àṣírí onítọ̀hún látòkèdélẹ̀, lẹ́yìn náà á dágbére. Èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn jù ni ti mẹ́yọ̀ ìlú rẹ̀ kan tó gba owó iná mànàmáná, tó wá ri òpó sójú títì láìsí wáyà. Nígbà tí gómìnà ń bọ̀ wá wò ó, mẹ́yọ̀ ní kí wọ́n fi àtùpà elépo kọ́ orí òpó kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ fẹ́, àtùpà kan bọ́ sórí fìlà gómìnà, fìlà gbiná. Orin náà ní láti ọjọ́ náà, òpó ti ríṣẹ́ ṣe, ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ ọn.

Mo bi í lókè òrùlé pé, “Kọ́ńpáà, ẹ dárúkọ mẹ́yọ̀ náà gan-an? Tí wọ́n bá mú yín ńkọ́?”

Ó ní, “Wọ́n mú bàbá mi. Wọ́n tì í mọ́lé. Ó kọ́ àwọn wọ́dà ní orin náà.”

“Ní tiwa, ìjà ló dé lorin dòwe. A kì í dárúkọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá, ara á ta á.”

“Orin tí kò lórúkọ, ajá tí kò lólówó ni. Ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?”

Àríyànjiyàn yìí kò tán láàárín wa. Nínú rẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn kan fún un, kí n lè fi hàn án pé àwa náà ní mẹ́yọ̀ tiwa. Gàníyù tó ń wa takisí ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, kọmíṣọ́nnà kan báyìí ṣe ẹ̀rọ omi fún àwọn ará ìlú. Ẹ̀rọ dúró dáadáa, kò sí omi nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gómìnà wá ṣí i, kọmíṣọ́nnà fi àwọn géńdé pamọ́ sẹ́yìn ògiri pẹ̀lú àgbá omi, wọ́n ń da omi sínú páìpù. Omi yọ, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Gómìnà ní òun náà fẹ́ fọwọ́. Ó gba ọṣẹ, ó fi ra ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó hó yẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni omi inú àgbá tán. Gómìnà na ọwọ́ síwájú, ọṣẹ ń kán sórí bàtà rẹ̀, wọ́n ń wá omi káàkiri ìlú. Nígbẹ̀yìn, ọtí ẹlẹ́rìndòdò olómi-ọsàn ni wọ́n fi ṣan ọwọ́ fún un. Eṣinṣin ló sìn ín délé.

Refúhíò rẹ́rìn-ín títí ó fi di òrùlé mú. Ó ní ta ni orúkọ kọmíṣọ́nnà náà. Mo ní Gàníyù kò sọ. Ọmọlúàbí ni Gàníyù, “kọmíṣọ́nnà kan báyìí” ló ń wí ṣáá. Refúhíò mi orí, ó ní àwa yìí la ó pa ara wa pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́.

Ìgbà yẹn kan náà ni Mojí, ìyá yín àgbà tó wà nínú ilé yìí, wà lọ́kàn mi. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì máa ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú apartment wa. Ìbàdàn ló dàgbà sí, ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ ni bàbá rẹ̀. Mo béèrè iṣẹ́ bàbá, ó ní wọ́n bá ìjọba ṣiṣẹ́ rí. Ó tán síbẹ̀. Ta ni mo wá jẹ́ tí n ó máa wádìí àna?

Bàbá Mojí wá sí Houston wá gba ìtọ́jú ojú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọmọkùnrin náà kí àwọn tó padà sílé. Mojí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

Ó ní, “Gbọ́ o. Ẹni tó kàwé ni bàbá mi fẹ́ fún mi. Ìwọ ò kàwé. Ohun tó kù fún ẹ ni ọ̀wọ̀. Tí nǹkankan bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á mú mi padà sílé, n ò sì lè bá bàbá mi jà. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́. N kò sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọkùnrin kì í dá lọ tọrọ ìyàwó, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. N kò ní ẹbí kankan ní Houston. Gàníyù tí mo fọkàn tán pé yóò bá mi sọ̀rọ̀, ó ní òun ní èrò tí òun fẹ́ gbé lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo rò pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ó mọ ilé tí à ń lọ ju èmi lọ. Refúhíò ló ní, “Kí lò ń dààmú sí? Èmi àti Náṣò ni ẹbí rẹ.” Náṣò ni àbúrò rẹ̀ tó ń tẹ akọ́díọ́nù. Mo kọ́ àwọn méjèèjì bí a ti ń dọ̀bálẹ̀, nínú pálọ̀ mi, títí eékún fi ń dun Náṣò.

Ọjọ́ pé. Bàbá jókòó sórí àga ńlá ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n Mojí, aṣọ funfun bo ojú wọn kan. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ti ilé wá wẹ ọmọ tuntun tí ẹ̀gbọ́n Mojí bí, ọmọ náà sì nà gbalaja lórí ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ń fi òróró ra á lẹ́yìn. Mo dọ̀bálẹ̀, Refúhíò dọ̀bálẹ̀, Náṣò dọ̀bálẹ̀ tòun ti akọ́díọ́nù láyà, akọ́díọ́nù náà sì ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Ìyá Àgbà ní, “Ẹ dìde, ẹ dìde. Ta ló ń ké un?”

“Ohun èlò orin ni, Ìyá.”

“Ẹ má tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó jọ pé ó lóyún.”

Bàbá fi ojú kan wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Àwọn wọ̀nyí ni ẹbí rẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ọmọ ibo ni wọ́n?”

“Mẹ́síkò ni, sà.”

“Apá ibo nìyẹn nínú ilẹ̀ Yorùbá?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. A jẹ, a mu. Bàbá bi mí nípa iṣẹ́ mi, mo dáhùn. Wọ́n ní ẹni tó ń gun òrùlé ìyẹn kì í ṣe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mojí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ó ti parí, mo ti ní ìyàwó.

Refúhíò bá dìde, ó gbé gìtá rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tọrọ àyè. Mo túmọ̀ rẹ̀, inú Ìyá Àgbà dùn. Wọ́n ní, “Ọmọ tó mọ̀ pé a ń júbà nìyí.” Ó kọ orin mẹ́yọ̀ elátùpà. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ. Nígbà tí fìlà gómìnà gbiná, Bàbá lu àga, omi ń jáde lójú wọn tó dára. Wọ́n ní, “Olè paraku. Irú wọn kún ayé. Sọ fún un kó kọ òmíràn.”

Refúhíò ní ó dára, òmíràn wà, tuntun ni, ẹ̀bùn ni fún ìlú bàbá ìyàwó. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ kó yà mí lẹ́nu. Ó ta gìtá, ó gbé ohùn sókè, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni “Òké Òpòtó.”

Kọ́ọ̀pù dúró lọ́wọ́ Bàbá. “Kí ló ń sọ nípa ìlú wa?”

Sípáníìṣì tèmi, ti òrùlé ni. Ṣùgbọ́n mo mọ omi, mo mọ gómìnà, mo sì mọ ọṣẹ. Mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra. Mo wo ojú Mojí. Ó ti di ẹnu mú. Nínú ojú yẹn ni mo ti mọ ẹni tí “kọmíṣọ́nnà kan báyìí” ń jẹ́. Refúhíò ti sọ ìlú, ó ti sọ ọjọ́, orúkọ nìkan ni kò ní, ẹni tó ni orúkọ náà sì rèé níwájú rẹ̀.

Bàbá ní, “Mo ní kí o túmọ̀ rẹ̀.”

“Ó ní… ó ní ìlú yín dára, sà. Ó ní omi ibẹ̀ tutù.”

Ìyá Àgbà ní, “Omi tutù ni ọmọ aláboyún yìí ń fi rẹ́rìn-ín tó báyìí?”

Nítorí Náṣò kò lè mú ara dúró. Bí orin ti dé ibi ọṣẹ, ó fi akọ́díọ́nù sílẹ̀, ó ń ra ọwọ́ méjèèjì pọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni ń wá omi. Kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀ mọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n Mojí rọra jáde lọ wo mọ́tò rẹ̀. Refúhíò parí orin, ó dágbére bó ti yẹ, ó tẹríba, ó ń dúró de àtẹ́wọ́. Ọmọ tuntun nìkan ló dá a lóhùn, ó sín.

Bàbá gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Wọ́n wá fìlà wọn, wọ́n dé e. “Mojí, gbé báàgì mi. Ìwọ náà, lọ kó ẹrù rẹ.”

Mojí kò wò mí. Ó yí padà, ó ń lọ sínú yàrá. Mo ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo dé ibẹ̀. Refúhíò ń bi mí léèrè lábẹ́ ohùn pé, “Kọ́ńpáà, kí ni mo ṣe?”

Ìyá Àgbà kò gbé ohùn sókè. Wọ́n kàn ní, “Jókòó.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí ohun tí—”

“Mo ní jókòó. Kí ni wọ́n ń ṣe níwájú ààfin wa ní ọjọ́ èébú?” Bàbá jókòó. Ìyá Àgbà kọjú sí wa, wọ́n ń ra ọmọ tuntun lẹ́yìn lọ. “Ní ìlú wa, ẹ̀yin àlejò, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ gbogbo ìwà ọba sí i létí. Ọba tó bá bínú, ó ti jẹ́bi nìyẹn. Ọba tó bá jó, ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n kọrin sí bàbá tó bí àwa méjèèjì, nígbà tó jọba, pé ó gbé àgbò alágbò. Ó jó. Àgbò náà ló sì gbé o, mo jẹ nínú rẹ̀. Ìwọ, o pe ti ẹlòmíràn ní olè paraku, o ní kí wọ́n kọ òmíràn. Wọ́n ti kọ ọ́. Dìde kí o jó.”

Mo ń wo ẹsẹ̀ Bàbá látilẹ̀ níbi tí mo wà, n kò lè wo òkè. Ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn tó kúrò lójú kan. Ọ̀tún sún díẹ̀. Òsì tẹ̀lé e. Ìyá Àgbà ní kí a sọ fún aláboyún kó tẹ nǹkan rẹ̀. Akọ́díọ́nù dáhùn. Kí a tó ṣẹ́jú, Bàbá ti yí fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi ojú kan ń wo òkè àjà, wọ́n ń mi èjìká. Ẹ̀rín Mojí ni mo gbọ́ láti inú yàrá.

Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹ. Wọ́n ní, “Sọ fún un pé ẹlẹ́rìndòdò olómi-ọsàn kọ́. Dúdú ni. Bí wọ́n bá máa bú mi, kí wọ́n bú mi bó ti ṣẹlẹ̀.”

Mo sọ fún Refúhíò. Ó tún ibẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, níwọ̀n ìgbà tí a ti rí olówó ajá, orúkọ gbọ́dọ̀ wọlé. Bàbá ní ó di ẹ̀yìn òkú òun. Ìyá Àgbà ní ní tiwa, orúkọ kì í wọ orin. Wọ́n ń fà á, Refúhíò kò gbà, Bàbá kò gbà, èmi ògbufọ̀ ń làágùn láàárín méjì. Nígbẹ̀yìn wọ́n fẹnu kò pé níbi tí orúkọ ìbá wà, Refúhíò yóò kàn ta okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kọjá. Gbogbo Yorùbá apartment wa kò pẹ́ mọ ohun tí okùn yẹn ń wí.

Bàbá wá wò mí. Wọ́n ní, “Ọkọ ọmọ mi kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ní akọrin tirẹ̀. Ọba ló ń ní akọrin. Ẹ pe Mojí wá.” Ìyá Àgbà bi Refúhíò léèrè orúkọ rẹ̀, ahọ́n wọn kò gbé e. Wọ́n ní ìjà la kọ́kọ́ bá a jà kí a tó ní in, Àjàní ni kó máa jẹ́.

Nígbà tí Bàbá padà sílé, wọ́n gbẹ́ kànga ńlá kan ní ojúlé wọn, wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí ìta fún ará àdúgbò. Wọ́n ní kí Mẹ́síkò yẹn má baà tún gbọ́ nǹkan. Mo sọ fún Àjàní pé kó fi kún orin. Ó kọ̀. Ó ní kọ̀rídò kì í ṣe fún iṣẹ́ rere, kí n gbé ìyẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Àgbà ti lọ. Bàbá ti lọ. Náṣò ló ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gàníyù náà ti lọ, pẹ̀lú gbogbo ẹni tí kò dárúkọ. Apartment yẹn, wọ́n ti wó o. Àjàní kó lọ sí ìlú Rosenberg nítòsí ibí nígbà tí eékún rẹ̀ kò gba àkàbà mọ́, a ó sì máa wa mọ́tò lọ kí i lọ́jọ́ Sunday, èmi àti Mojí. Ọkàn rẹ̀ ló dúró, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí àga rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin pè wá kí ó tó pe ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹbí yín ti lọ.

A sin ín ní Rosenberg lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ibi tí wọ́n ń to ẹbí sí ni wọ́n ní kí a dúró. Mojí dì mí lápá mú, a sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi bo ilẹ̀ tán.